Orúkọ Tí N Kò Gbọdọ̀ Pè

Àtìní, 6 Jánúárì 1964. Ẹ̀jìgbò

A dé! A dé! Ọjọ́ márùn-ún lójú ọ̀nà, ibodè mẹ́rin, ìdí mi ti kú, ṣùgbọ́n a dé, èmi àti Làmídì ọkọ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Àbíjàn. Ní Gánà ó bọ́ sí òsì, ní Tógò ó padà sí ọ̀tún, nígbà tí a wọ Nàìjíríà ó tún bọ́ sí òsì. Ní Gánà mo figbe ta. Ní Nàìjíríà mo kàn di apá Làmídì mú. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí mọ́, apá rẹ̀ ni mo fẹ́ dì mú.

Ìlú bàbá àti ìyá mi nìyí, n kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí láti ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti bí mi. Ìyá ọkọ mi da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ tutù o, ìyàwó wa." Mo ti ń sunkún kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ayọ̀ má baà mú mi gbàgbé: ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni mo bá wá, ní ilé ìwòsàn kékeré ibí, lábẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà. Bí ó bá kọ lẹ́tà pé mo yẹ, n óò wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí nítòsí ibí, n óò sì máa wálé sọ́dọ̀ ọkọ mi. Bí kò bá kọ ọ́, àdéhùn èmi àti Bàbá mi ni pé kí n padà sí Àbíjàn lọ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo fi sílẹ̀. Ọdún méjì gbáko! Làmídì yóò sì wà níbí nídìí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n so yìgì wa. N kò ní padà.

Àtàláátà, 7 Jánúárì

Mo ti ṣe àṣìṣe kí oòrùn tó yọ tán. Làmídì jáde lọ wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó gbàgbé fìlà. Mo sáré sí àgbàlá, mo ké, "Làmídì! Làmídì, fìlà rẹ!"

Ẹni tó ń gbálẹ̀ dúró. Ẹni tó ń bọ́jú jẹ́ kí omi máa kán sí i láyà. Ọmọpẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Làmídì, fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ó pè é lórúkọ!"

Mo ní, "Kí wá ni kí n pè é, ẹ̀yin ìyálé mi?"

"Pè é ní Olówó-orí-mi! Bí o kò bá rí nǹkan kan pè é, húkọ́! Ó máa wẹ̀yìn."

Làmídì rẹ́rìn-ín títí nígbà tó dé. Ó ní òun gbàgbé láti sọ fún mi ni, pé òun náà kò fẹ́ ìyàwó rí. Ta ni ìbá sì ti kọ́ mi? Ìyá mi kò bá àna gbé rí ní Àbíjàn. Orúkọ ló ń pe gbogbo ènìyàn, títí kan Bàbá mi bí inú bá ń bí i.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò ní etí. Làmídì, Làmídì, Làmídì. Mo ti pè é.

Àlàmísì, 9 Jánúárì

Ọjọ́ kìíní níbi iṣẹ́. Orúkọ nọ́ọ̀sì àgbà ni Màmá Leah. Kì í ṣe ará ìlú yìí. Ó ga, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì ń rìn bí ẹni tí nǹkan ń jó lórí iná. Mo kí i ní Faransé láìmọ̀. Ó ní, "Faransé kò wo ẹnikẹ́ni sàn níbí, ọmọbìnrin. Ó dára kí o fi Yorùbá kí mi."

Ó fún mi ní aṣọ funfun kan. Iṣẹ́ mi: kí n máa se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná lórí sítóòfù, kí n máa fọ egbò, kí n sì máa mú káàdì kọ̀ọ̀kan, kí n ké orúkọ inú rẹ̀ sókè kí aláìsàn dìde lórí bẹ́ńṣì. Màmá Leah ní, "Orúkọ ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹni bá ṣi orúkọ ti ṣi oògùn."

Búrẹ́dì tọ́rọ́ ni mo jẹ lọ́sàn-án. Ó rọ̀ bí òwú, ó sì dùn bí ẹni pé wọ́n da igbá ṣúgà sí i. Búrẹ́dì ilé wa ní Àbíjàn gùn bí apá, ó sì ń dún lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán ṣá.

Àlàmísì, 16 Jánúárì

A bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí. Ọyẹ́ ibí kò mọ ẹni tó jẹ́ àlejò, ó ti la ètè mi sí méjì. Làmídì fi òrí pa á fún mi lẹ́yìn ìṣínu. Ó pẹ́ kó tó pa á tán.

Àtìní, 20 Jánúárì

Ojú tì mí débi pé n kò fẹ́ kọ èyí.

Bàbá Sàlàkọ́ wá sí ilé ìwòsàn. Àbúrò ni fún Sàká, bàbá Làmídì tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun sì ni olórí ilé wa báyìí. Òun náà ló ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò. Egbò ńlá wà ní ojúgun rẹ̀. Mo mú káàdì rẹ̀, mo fi ohùn tí Màmá Leah fẹ́ ké e: "Sàlàkọ́!"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú sí mi. Bàbá wò mí. Kò bínú, ìbá sàn bí ó bá bínú. Ó kàn mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú egbò tí a kò tíì fọ̀.

Màmá Leah yọjú. "Aláìsàn mi dà?"

"Ó ti lọ, Mà."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mo pè é ni, Mà."

Àtàláátà, 21 Jánúárì

Ọmọpẹ́ jókòó tì mí níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe Làmídì nìkan ni n kò gbọdọ̀ pè lórúkọ. Ẹni yòówù tí wọ́n bí sínú ilé yìí kí n tó wọ̀ ọ́, ọkọ mi ni: arúgbó ni o, ọmọ ọwọ́ ni o.

Mo ní, "Àti Sìdíkàt?" Àbúrò Làmídì tó kéré jù ni Sìdíkàt, ọmọ ọdún méje.

"Sìdíkàt gan-an! Èmi kì í pè é. Ọlọ́mọge ni mò ń pè é."

Àṣé Sìdíkàt wà lẹ́yìn ògiri tó ń gbọ́. Ó jáde, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ìyàwó wa, o kò tíì kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ láàárọ̀ yìí o!" Mo kúnlẹ̀ nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí n tètè dìde.

Nírọ̀lẹ́ Ìyá wa (bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ìyá ọkọ mi) mú mi lọ bẹ Bàbá. Bàbá ní, "Ọmọ Àbíjàn, mo ti gbọ́. O kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó sí ibi tí ìyàwó ilé wa yóò ti máa ké pè mí bí ẹni ń ké pe ewúrẹ́." Ó ní òun kò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Mo gbóòórùn egbò náà láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n máa fọ̀ ọ́ nílé. Ó ronú títí, ó sì na ẹsẹ̀ náà sí mi.

Àtàláátà, 28 Jánúárì

Mo ti fún gbogbo wọn lórúkọ! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò ó. Bàbá Sàlàkọ́ ni Olóhùn-iyọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, níbi tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ohùn mi dùn?"

"Òun ló ń jí mi fún sààrì, Bàbá."

Ó wo òkè àjà. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Sìdíkàt ni Eyínafẹ́, nítorí èjí rẹ̀. Bí Kùdírátù, ọmọ Bàbá tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún méje, ṣe gbọ́ ni ó bú sẹ́kún. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà sí mi lójú. "Èmi náà ní èjí! Èmi náà fẹ́ jẹ́ Eyínafẹ́!" Ó sunkún títí ìṣínu. Kí ni kí n ṣe? Eyínafẹ́ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń pe ara wọn káàkiri àgbàlá.

Ibà dé sí Sìdíkàt lánàá, Màmá Leah sì gún un ní pẹnisílìn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ojú àti ètè rẹ̀ wú, tí mímí ń ṣòro fún un. Ọlọ́run yọ wá, Màmá Leah ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi íńkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gún un ní abẹ́rẹ́ yẹn mọ́, pé èkejì lè pa á. Lónìí ó ti ń sáré.

Àtàláátà, 11 Fẹ́búárì

Ikán ti jẹ àpótí káàdì. Màmá Leah lọ sí ìlú Ara láti wo àwọn aboyún ibẹ̀, ó sì ní kí n da gbogbo rẹ̀ kọ sórí káàdì tuntun kó tó dé. Igba ó lé káàdì!

Mo dé orí àwọn ará ilé wa, mo dá kálámù dúró. Bí mo bá kọ Sìdíkàt síbẹ̀, Sìdíkàt ni n óò ké lọ́jọ́ tó bá wá. Bí mo bá kọ Eyínafẹ́, Eyínafẹ́ ni n óò ké, ara á sì tu gbogbo ayé. Mo kọ Eyínafẹ́ sórí káàdì Sìdíkàt àti ti Kùdírátù. Mo kọ Olóhùn-iyọ̀, mo kọ Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo da ọ̀rọ̀ íńkì pupa Sìdíkàt kọ dáadáa. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi débi pé mo kọrin títí mo fi délé.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì

Ìtúnu ààwẹ̀! Bàbá Olóhùn-iyọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yídì, kò mú ọ̀pá. Ìyá wa fún mi ní ìró òfì tirẹ̀, Làmídì sì wò mí nínú rẹ̀, ó ṣi ọ̀nà yàrá, ó wọ ilé ìdáná.

Àtàláátà, 3 Máàṣì

Lẹ́tà Bàbá mi dé. Wọ́n ṣì fi àyè mi sílẹ̀ ní Àbíjàn títí di ìparí Épírì. Ó ní kí n má ṣe gbéraga, bí kò bá ṣeé ṣe kí n wálé. Màmá Leah ní ọjọ́ kejì Épírì ni òun yóò pinnu lórí lẹ́tà mi. Ó yìn mí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá: ó ní ọwọ́ mi fúyẹ́ lójú egbò.

Ooru mú. Odò ti fà, a ń tò fún omi láti ìdájí. N kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rọ ló máa ń da omi sí garawa wa ní Àbíjàn. Ṣùgbọ́n Làmídì jí bá mi gbé korobá kan, ojú ọ̀nà ṣókùnkùn, kò sí ẹni tó rí i tó ru omi. Ó ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni òun yóò sẹ́.

Àtìní, 16 Máàṣì

Kùdírátù ní òtútù àyà láti ọjọ́ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ló ń gba pẹnisílìn. Lónìí Sìdíkàt náà tẹ̀ lé e lọ nítorí ojú tó ń pọ́n ọn. Ìyá wa ló kó àwọn méjèèjì wá, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Kùdírátù jáde lọ bì lẹ́yìn ilé.

Èmi wà ní ẹ̀yìn nídìí sítóòfù. Màmá Leah mú káàdì Kùdírátù fúnra rẹ̀, ó ké, "Eyínafẹ́!" Ta ni kì í jẹ́ orúkọ tó fẹ́ràn? Sìdíkàt fò dìde, òun àti Kùdírátù sì jọra lójú ẹni tí kì í ṣe ará ilé.

Mo wọlé pẹ̀lú ìkòkò abẹ́rẹ́ mo sì rí i: Sìdíkàt dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, Màmá Leah ti fi òwú nu ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti kún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró! Kì í ṣe òun!"

"Eyínafẹ́ ni mo pè. Káàdì rẹ̀ nìyí. Eyínafẹ́ kọ́ ni?"

"Eyínafẹ́ ni, Mà, ṣùgbọ́n—"

"Jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe!" Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ìyá wa wà níwájú mi gan-an. Mo rí ojú rẹ̀. Mo la ẹnu, ó jáde bí ìbọn: "Sìdíkàt ni! Sìdíkàt ọmọ Sàká! Ẹni tí ojú rẹ̀ wú ni!"

Ọwọ́ Màmá Leah dúró. Abẹ́rẹ́ kò tíì wọlé. Mo ju ìkòkò sílẹ̀, omi gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀ títí mo fi délé.

Lẹ́yìn tí aláìsàn lọ tán, Màmá Leah tú àpótí sórí tábìlì. Ó ń ka káàdì mi bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀. "Olóhùn-iyọ̀. Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀. Eyínafẹ́ méjì. Ta ni wọ̀nyí? Ṣé ilé ìwòsàn ni mò ń ṣe àbí ilé eré?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bọ́ gíláàsì. Ó ní, "Sàídátù, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ lẹ́tà fún nọ́ọ̀sì tí kò lè pe orúkọ aláìsàn. Ọjọ́ kejì Épírì. Bí o kò bá lè ka àpótí yìí sókè bó ṣe yẹ, ilé yá."

Àtàláátà, 17 Máàṣì

Ìyá wa kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú, ní gbangba, lójú rẹ̀. Làmídì ní kí n jẹun, òun náà kò sì jẹun. Ọdún méjì. N kò lè ka oṣù inú rẹ̀.

Àlàmísì, 19 Máàṣì

Bàbá pe gbogbo ilé jọ lẹ́yìn ìrun Aláásárì, sábẹ́ igi ọsàn. Mo kúnlẹ̀ láàárín, mo ti di àpò mi lọ́kàn. Ọmọpẹ́ ń húkọ́ kí n lè gbójú sókè, n kò gbé e.

Ìyá wa ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó pe orúkọ ọkọ mi." Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. "Ọdún mẹ́ta nìyí tí n kò ti gbọ́ ọ. Èmi kò gbọdọ̀ pè é, ìyàwó ni mí. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, Bàbá wa lẹ̀ ń pè é. Lọ́jọ́ Àtìní ó ké e bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ máa ń ké e láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mi sì yè. Mo wẹ̀yìn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò dáhùn. Ìyẹn ni mo ti ń sun lẹ́kún nínú yàrá. N kò bá ọmọ yìí bínú."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Làmídì yí ojú sí ara ògiri.

Bàbá fa irùngbọ̀n rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sàídátù. Tí o bá wà nínú ìró àti bùbá, ìyàwó wa ni ọ́, o kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun kò ní ọkọ. Tí ó bá wà lọ́rùn rẹ, kì í ṣe ìwọ lò ń pè wá, iṣẹ́ ló ń pè wá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ tó bínú, kó wá bá mi." Ó wá fi ọ̀pá tọ́ka sí mi. "Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ máa pè mí ní Olóhùn-iyọ̀ nílé o. N kò dá ìyẹn padà."

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kí a tó tú ká. Gbogbo wa dúró sínú rẹ̀.

Àlàmísì, 2 Épírì

Káàdì mọ́kànlá tuntun ni mo kọ, orúkọ àti orúkọ bàbá, pẹ̀lú íńkì pupa níbi tó yẹ. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, n kò rí àyè kọjá. Ilé wa ló kún bẹ́ńṣì! Bàbá wà níwájú pátápátá, nínú agbádá ọdún, egbò rẹ̀ tó ti jiná wà lábẹ́ báńdéèjì funfun tí kò nílò mọ́.

Màmá Leah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́. "Ó yá."

Mo mí. "Sàlàkọ́ ọmọ Mùstàfá!"

Ó dìde gbọnrangandan. "Mo wà níbí!" Ohùn tí ó fi ń pe ìrun ló fi dáhùn, ewúrẹ́ tó wà lójúde sá. Mo pe Sìdíkàt, mo pe Kùdírátù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ tirẹ̀. Mo pe àwọn mọ́kànlá, ohùn mi ń lágbára sí i. Mo rò pé mo ti parí, ni Màmá Leah bá na káàdì kan sí mi láti inú àpò rẹ̀. Íńkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Mo kà á. Mo wo òkè. Ó dúró sí ẹ̀yìn pátá, fìlà lọ́wọ́, ó fi àkísà wé àtàǹpàkò. Lórí bẹ́ńṣì, Ọmọpẹ́ húkọ́.

"Làmídì," ni mo ké. "Làmídì ọmọ Sàká!"

"Mo wà níbí, Nọ́ọ̀sì."

Màmá Leah tú àkísà náà. Kò rí ju ibi tí sípánà ti bó díẹ̀ lọ. Ó ní, "Wọn kì í gbé irú èyí wá sí ilé ìwòsàn."

Làmídì ní, "Mo mọ̀, Mà. Mo wá gbọ́ orúkọ mi ni."

Màmá Leah bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó sì nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́tà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn fọwọ́ sí i ni. Mo yẹ. Mo yẹ! N kò lọ síbì kankan.

Mo délé, mo bọ́ aṣọ funfun, mo ró ìró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Ìyá wa wá jókòó tì mí. Ó ń yọ èèpo iṣu kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ní o pe ọkọ rẹ lónìí. Báwo lo ṣe pè é?"

"Ìyá wa, n kò lè sọ ọ́ báyìí. Mo ti bọ́ aṣọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. "Lọ wọ̀ ọ́ padà, ọmọ mi," ló wí. "Kò pọndandan kí o pe tìrẹ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo lọ wọ̀ ọ́.